Ohun Tí Raili Bá Nínú Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Kò sí ohun tó ń rí Raili Koskinen lára tó itọ́. Bó bá rí ẹni tó tutọ́ sílẹ̀ lójú pópó, ó di dandan kó sọdá sí òdì kejì. Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe fún un ní Veikko ní àbúrò, ọkùnrin tí tábà kì í kúrò lábẹ́ ètè rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó máa ń tu omi rẹ̀ sínú ike tàbí ife tó bá ṣáà ti wà nítòsí.

Ìlú Thunder Bay létí adágún ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Veikko níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilé Raili, ó ní òun ò ní pẹ́. Yìnyín bolẹ̀, ó yọ́, ó tún bolẹ̀, Veikko ṣì wà níbẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyá wọn, Màmá Aune, ń gbé. Etí ìyá ti di pátápátá, ètè èèyàn ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ikọ́ burúkú kan sì wọ ilé náà, wọn ò gba àlejò mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni Raili ti ń rí ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti ń wọ́ bí ìgbín. Ìyá á máa sọ̀rọ̀ lọ, àwòrán rẹ̀ á ṣàdédé dúró pẹ̀lú ẹnu yíyà. Ni Raili bá ra mẹ́mọ́rì tuntun tó ń mú kọ̀ǹpútà yára, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka lọ, tí bébà búlúù wà lára rẹ̀. Veikko ní kó gbé e wá, pé iṣẹ́ ọmọdé ni, òun á bá a fi sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, Raili tẹ bọ́tìnì. Iná kékeré tàn, ẹ̀rọ kùn yùnùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó dún pí, pí, pí, ó sì dákẹ́.

Ó kígbe sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. "Veikko! Kí lo ṣe sí kọ̀ǹpútà mi?"

"Mi ò ṣe é ní nǹkan kan o! Ó ti gbó ni. Ra òmíràn."

"Kó o tó gbé e lánàá, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́?"

"Àná kọ́ lòní."

Raili pe ṣọ́ọ̀bù tó ti ra mẹ́mọ́rì náà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn mọ́lẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá dá wọn padà. Bí kò bá dáhùn, ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé mẹ́mọ́rì yẹn ò wọlé délẹ̀."

Raili ṣe ti àkọ́kọ́. Pí, pí, pí. Ó wá tú àwọn sukúrù ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣí i.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí i, òórùn mínǹtì inú tábà Veikko tó ti kan. Etí mẹ́mọ́rì tó yẹ kó máa dán bíi wúrà ti di pípọ́n, ó ń fà bí oje igi, tábà sì há sínú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀. Bébà ara rẹ̀ kì í ṣe búlúù. Ó ti pọ́n, ó ti ya. Kì í ṣe èyí tí Raili rà.

Ó sáré lọ sídìí ibi ìfọwọ́, ó di etí abọ́ ìfọwọ́ mú, èébì ń gbé e, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò jáde. Nígbà tó dúró dáadáa, ó wọ ìbọ̀wọ́ tó fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ti pẹ́ tó ti dé ìsàlẹ̀ yẹn gbẹ̀yìn. Búrẹ́dì tó ti hewú wà lórí ìrọ̀rí, ìbọ̀sẹ̀ gan bíi pákó, àwọn ike tí itọ́ tábà kún dé ọrùn sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Veikko nà gbalaja, ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sórí ikùn, ó ń ta géèmù ogun.

"Mẹ́mọ́rì mi dà?"

"Èwo?"

"Èyí tó ní bébà búlúù."

Veikko họ ikùn. "Ẹ̀gbọ́n mi dáadáa." Ìgbà tó bá fẹ́ tan èèyàn nìkan ló ń rántí pé Raili ju òun lọ. "Kí ni kọ̀ǹpútà yín fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe? Ojú Màmá nìkan lẹ fi ń wò. Èmi ni mò ń ta géèmù tó wúwo. Mo kàn fi tèmi dípò ni."

"Èyí tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ó fẹnu júwe ife kan nílẹ̀. "Ó já bọ́ síbẹ̀."

Ife kọfí olódòdó tí ìyá wọn gbé wá láti Finland ni. Ìdajì rẹ̀ kún fún omi pípọ́n, orí mẹ́mọ́rì sì yọ síta bí ẹja tó kú.

"Veikko! Ajá gan-an mọ ibi tó ń yàgbẹ́ sí!"

"Nítorí itọ́ lásán?"

"Pa nǹkan yẹn, kó o gbé e wá. Èmi fúnra mi ni màá yọ ọ́. Ọwọ́ ẹ ò ní kan ohun tèmi mọ́ láyé yìí."

Ó yọ ọ́, ó gòkè. Ó fi ìborùn di imú, ó ki òwú bọ sípíríìtì, ó ń nu ihò náà títí òwú fi ń jáde ní funfun. Ó wá ti mẹ́mọ́rì tuntun wọlé títí ó fi dún káú. Ó tẹ bọ́tìnì. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Kò pẹ́ tí Màmá Aune fi yọjú. "Raili! Mo ní ẹ ti gbàgbé mi."

"Kọ̀ǹpútà ló dákú, Màmá."

"Veikko ló tún un ṣe, àbí? Iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ọmọ yẹn láti kékeré. Pè é kí n rí i."

Àṣé Veikko ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa àga, ó fi èjìká ti Raili, ó ń rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ wú bọ́mú. Ó kí ìyá. Ìyá tẹjú mọ́ ọn, ó mi orí.

"Mi ò gbọ́ ohun tó ò ń sọ, ọmọ mi. Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́nu? Ṣé wọ́n lù ẹ́ ni?"

Veikko wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ife. Ó ki ìka bọ ẹnu, ó fa ìṣù tábà yọ, ó dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Oje rẹ̀ ń ro gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí tábìlì. Raili rọra fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́yìn. Ì bá là á sọ fún ìyá, ṣùgbọ́n inú ìyá ń dùn, Raili sì pa ètè rẹ̀ méjèèjì dé.

Nígbà tí ìyá kúrò lójú kọ̀ǹpútà, Veikko ní, "O ò kúkú fẹjọ́ mi sùn. A ti parí ẹ̀ nìyẹn." Ó na ọwọ́ tó ń ro náà sí i.

Raili dìde. "Mi ò parí nǹkan kan. Lọ kó àwọn ike ẹ, kó o kó ẹrù ẹ tẹ̀ lé e. Òórùn ẹ ti wọ inú òrùlé mi."

Veikko kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń ṣí àpò ìdọ̀tí, ó bínú jáde, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú Dryden. Raili ló padà da àwọn ike náà nù, pẹ̀lú ojú dídì, èébì ń gbé e lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Aune tún béèrè Veikko.

"Ó ríṣẹ́ sí Dryden, Màmá," ni Raili wí, ó la ẹnu dáadáa kí ìyá lè rí i. Iṣẹ́ kankan ò sí.

"Mo mọ̀ pé ó máa rí i! Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Màmá."

Irọ́ náà korò lẹ́nu Raili. Ó gbé omi mu, ó sì bi ìyá bóyá ikọ́ ti ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀.