Òwú Kan Náà

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìṣẹ́yìn, ìyá wa gan-an kì í dá èmi Táyé mọ̀ yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Bí ẹnì kan nínú wa bá jí ẹran nínú ìkòkò, àwa méjèèjì la jọ ń jẹgba rẹ̀. Àárò ẹgba yẹn ń sọ mí títí dòní.

Òfì ìhunṣọ kan ṣoṣo ni bàbá wa fi sílẹ̀. Kẹ́hìndé ló jogún rẹ̀, torí òun lẹ̀gbọ́n, òun ló rán mi wá tọ́ ayé wò. Èmi gba Ìgbẹ́tì lọ, mo ń fọ́ òkúta mábù. Mo tọ́ ayé wò lóòótọ́: eyín re àjò, ẹ̀yìn tẹ̀, orí funfun báláú.

Nígbà tí mo wálé fún Iléyá tó kọjá, aládùúgbò tuntun kan dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní òun ò mọ̀ pé bàbá Kẹ́hìndé ṣì wà láyé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Bí a kò bá jọra mọ́, irú ìbejì wo ni wá? Mo sọ ọ́ jáde pé àwọn ayé ló ṣe mí.

Sodiqat, ọmọ Kẹ́hìndé tó ń kọ́ nípa ara ènìyàn ní yunifásítì, ti gba itọ́ àwa méjèèjì lọ yẹ̀ wò níléèwé wọn lọ́dún tó ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó ti òfì, ó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a jogún wà káàkiri ara wa, wọ́n ká a bí òwú: ibi tí ara ń lò wà ní ṣíṣí, ibi tí kò lò wà ní kíká. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, kíká náà á máa tú, ara á sì máa gbó. Eruku, ebi àti àìsùn a sì máa mú un yá.

"Bàbá Táyé, kò sẹ́ni tó ṣe yín," ló wí. "Òwú kan náà ni ti ẹ̀yin méjèèjì. Bí ayé ṣe ká a ló yàtọ̀."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Mo wọlé lọ kí ìyá wa, tí kò ríran mọ́. Bí mo ti ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó na ọwọ́ sí mi.

"Kẹ́hìndé, àbúrò rẹ ò tíì dé?"

Kẹ́hìndé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mo ti dé, Ìyá," ló wí. "Èmi Táyé ni."

Ìyá súre fún un pé ó kú ewu ọ̀nà Ìgbẹ́tì. Kẹ́hìndé ṣe àmín. Èmi ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín.