Ta Ni Yóò Dá A Padà?

Ó tún ń ga. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ náà, ó tún tan án, ìlà tó ń ka àyè mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ orí ibùsùn Bàámi ti lò sì tún ti ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà mi níbí ní ọ́fíìsì... kò kánjú, kò sì sinmi. Mẹ́mọ́rì ń jò. Níbo? Níbo gan-an?

Jíjò kọ́ ló tiẹ̀ yẹ kí wọ́n máa pè é. Kò sí omi nílẹ̀ tí ǹ bá tọ ipa ẹ̀ lọ. Abọ́ tí wọ́n yá tí wọn ò dá padà ni. Kóòdù tí mo kọ ń yá àyè lọ́wọ́ kẹ́nẹ̀lì, ọkàn ẹ̀rọ náà, tí gbogbo nǹkan tó kù ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀. Ó ń kó ìlùkìkì ọkàn aláìsàn sínú àyè yẹn, ó sì yẹ kó dá a padà tó bá kà á tán. Kò dá a padà. Ó tún lọ ń yá òmíràn. Ó tún lọ... títí kẹ́nẹ̀lì ò fi ní ní ohun tó máa yá ẹnikẹ́ni mọ́, tí gbogbo ẹ̀ á dì gbagidi.

Tó bá sì dì, kì í pariwo. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ojú ẹ̀ kì í ṣú. Nọ́ńbà tó kà kẹ́yìn ló máa dúró síbẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó dáa, ó pé — aláìsàn ì báà ti máa lọ lábẹ́ ẹ̀. Mo bẹ nọ́ọ̀sì lórí fóònù pé kó gbé ẹ̀rọ mìíràn fún Bàámi. "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣe gbogbo ẹ̀. Èwo ni ká wá gbé?"

Èwo ni ká wá gbé.

Ọ̀gá ní kí ẹ̀rọ máa pa ara ẹ̀, kó máa jí fúnra ẹ̀, kí n lọ sinmi. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Tí ọkàn Bàámi bá dẹ́kun nígbà tó ń jí lọ́wọ́ ńkọ́? Sinmi kẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ì bá dáa kí n wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn báyìí... àmọ́ tí mo bá jókòó tì wọ́n, ta ló máa wá ibi tó ń jò? Bọ̀dá mi wà níbẹ̀. Ó tó.

Mo ti ka apá tèmi. Yá, dá padà. Yá, dá padà. Ó mọ́. Mo ti ka apá Máfọwọ́kàn, ẹni tá a jọ kọ kóòdù náà — orúkọ tá a sọ ọ́ nìyẹn, torí bó o bá sún mọ́ kóòdù ẹ̀ lásán, á pariwo. Èmi ń gba ìlùkìkì ọkàn láti ara kílíìpù tó há mọ́ ìka, òun ń gbé e lọ sójú ẹ̀rọ. Tiẹ̀ náà mọ́. Ọwọ́ méjì tó mọ́, abọ́ ṣì ń sọnù. Àbí orí mi ti dàrú ni?

Kí ló dé tó jẹ́ ti Bàámi ló ń yára ga jù ní gbogbo wọ́ọ̀dù? Irú kílíìpù yẹn há mọ́ ìka rọ́bà tí mo fi ń dán ẹ̀rọ wò lórí tábìlì mi níbí látàárọ̀, ìlà tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìka rọ́bà kì í bínú. Bàámi ńkọ́? "Kí lẹ so mọ́ mi lọ́wọ́ bí àgùntàn?" Wọ́n á fà á yọ. Nọ́ọ̀sì á fi padà. Wọ́n á tún fà á —

Fà á yọ.

Mo fa kílíìpù kúrò lára ìka rọ́bà. Ìlà sún sókè. Mo fi padà, mo tún fà á... ó tún sún. Há! Tó bá bọ́ nígbà tí kíkà ò tíì parí ló ń jò. Mo ṣí ibẹ̀ ní apá tèmi. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ nìyí: má dá a padà níbí, apá kejì á dá a padà. Mo ṣí ti Máfọwọ́kàn: má dá a padà níbí, ẹni tó yá a á dá a padà. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń kà wọ́n. N ò kà wọ́n pọ̀ rí. Kò sólè láàárín wa. Kálukú ló fọkàn tán ẹnì kejì.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń padà sí mi létí.

"Kò sí wàhálà, ṣebí ẹ̀rọ ẹ ń wò wọ́n." Ohun tí Bọ̀dá mi sọ láàárọ̀ nìyẹn, nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi jókòó ti Bàámi. Mo gbọ́ "kò sí wàhálà", mo ti mú báàgì mi. Ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn... Èmi fi Bàámi lé Bọ̀dá lọ́wọ́. Bọ̀dá fi wọ́n lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ sì —

Mo wo ìlà Bàámi. Kò ga mọ́. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ìka rọ́bà, èmi ò sì tíì tún nǹkan kan ṣe. Nọ́ńbà ọkàn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó dáa, ó pé. Mo ń wò ó, kò yí padà: ó ti dì. N ò rí àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn láti ibí, àmọ́ mo mọ̀... kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀.