Ẹ̀dọ̀fóró Tó Kù

Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti gé ìdajì ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún Baba Aláago kúrò. Ikọ́ fée ló bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ara rẹ̀ yá, ó padà sídìí aago ọwọ́ tó ń tún ṣe.

Iṣẹ́ náà gba kéèyàn lè sé èémí. Ìṣó tí wọ́n ń lọ́ mọ́ inú aago kò tó orí èèrà. Bí a bá mí sí i, ó di àwátì. Baba a fi ẹ̀mú gbé e, a sé èémí, a lọ́ ọ wọlé. Lọ́dún yìí, èémí kò dúró dè é mọ́. Ìṣó mẹ́ta ló sọnù lọ́sẹ̀ kan. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ìyàwó rẹ̀ ṣáà rí i pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀, ó bá ọlọ́kọ̀ ṣàdéhùn pé kó máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà rárá.

"Baálé mi, ẹ̀dọ̀fóró tó kù yẹn, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ lò."

Nígbà tó yá, ó wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ó yẹ fọ́tò àyà rẹ̀ wò.

"Àrùn kankan ò sí níbẹ̀, Baba. Ṣé ẹ máa ń rìn?"

"N kì í rìn."

"Èmi ni kì í jẹ́ kí wọ́n rìn," ni ìyàwó wí, inú rẹ̀ dùn.

"Ìyá, ìkẹ́ yín ti di àkẹ́bàjẹ́ o. Èyí tó kù ló ń ṣiṣẹ́ èyí tó lọ, ẹ wá tẹ́ ẹní fún un. Kí Baba máa rìn lójoojúmọ́."

"Tí wọ́n bá ṣubú ńkọ́?"

"Ẹ bá wọn rìn."

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Baba dúró mí bó ṣe ń gun òkè tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ní kí àwọn pe ọlọ́kọ̀. Baba mi orí, ó tún gbé ẹsẹ̀.

Lóṣù kẹta, ìyàwó ló di ògiri mú, tó ń mí gúlegúle.

"Ẹ rọra o! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ìwọ tí wọn ò gé nǹkan kan lára ẹ?"

Baba dúró dè é. Ó wá sọ fún un pé ìṣó kankan kò sọnù lọ́sẹ̀ náà, ó sì sọ ti àwọn tó ti sọnù tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó fi ògiri sílẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ látọjọ́ yìí?"

"Kí n sọ, kó o tún gba ẹ̀mú lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀rín pa ìyàwó, èémí kò jẹ́ kó rín in tán. Baba na ọwọ́ sí i. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé orí òkè.