Àbùjá Eliseo

"Fò! Fò báyìí!" Eliseo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò fúnra rẹ̀ lórí àga tó jókòó sí. "Áà, Yasna! O tún ti pẹ́."

Ọkùnrin kékeré inú tẹlifíṣọ̀n náà fi orí gbá ògiri, ó já sínú omi dúdú, iná orí àṣíborí rẹ̀ sì kú. Yasna gbé páàdì tó fi ń darí eré náà lé itan. Ó ń wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tí a rán níṣẹ́, tó lọ dúró sójú ọ̀nà.

"Jẹ́ ká tún un gbé," ni Eliseo wí. "Bó o bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ èédú yẹn, fò, kó o sì tẹ èkejì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Wéré báyìí, bí ẹni ṣẹ́jú."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ gbọ́, ọwọ́ rẹ ni ò gbọ́."

Àwàdà ló fi ṣe. Yasna rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́.

Òjò ń lu páànù lórí wọn. Bí oṣù keje, ìgbà òtútù tiwọn, bá ti dé Talcahuano ní Chile, ọ̀run á ti ilẹ̀kùn mọ́ oòrùn, gbogbo ìlú á sì máa rùn bí ẹja tútù. Yasna mọ òórùn yẹn dénú egungun. Ilé-iṣẹ́ ẹja létí èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé. Ọbẹ ló ń mú lójoojúmọ́, tó ń la ẹja, tó ń yọ egungun, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi dídì. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọwọ́ náà ń mú ohun mìíràn. Ọjọ́ Àìkú náà sì ni Eliseo máa ń gbé takisí rẹ̀ síwájú ilé wọn, tí á wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ ẹ̀wù òjò.

Eré tí wọ́n ń ṣe yìí, ọmọkùnrin kan ní Lota ló tún un mọ. Eré àtijọ́ kan ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń rìn kiri nínú ihò orí ìràwọ̀ àjèjì kan. Ọmọ Lota yìí tú u palẹ̀, ó da ìràwọ̀ nù, ó fi kùsà èédú tí àwọn bàbá wọn gbẹ́ lábẹ́ òkun rọ́pò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Èédú Abẹ́ Òkun. Kò tà á. Ó kàn gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá wù. Àwọn kan ń fi í najú. Àwọn bíi Yasna ń fi í sáré ìje, ìje tí wọ́n ń pè ní àkótán, nítorí gbogbo ohun tó pamọ́ sínú kùsà náà, fìtílà, dígà, orúkọ àwọn òkú tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ni ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ kó tán kó tó jáde sójú ọ̀run. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló ni ìlú.

Irú eré bẹ́ẹ̀, orí ni wọ́n fi ń sá a kí wọ́n tó fi ọwọ́ sá a. Ibo la ó kọ́kọ́ yà sí? Kí la ó fi sílẹ̀ ká padà wá mú? Ó ti lé lọ́dún kan tí àwọn méjèèjì ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwòrán kùsà ńlá kan tí Eliseo yà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Eliseo ti lé lógójì ọdún dáadáa, ìka rẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọkọ̀ wá ọ̀nà láti ìgbà èwe, ihò wo ló fẹ́ sọ nù sí? "Èmi ni orí, ìwọ ni ọwọ́," ló máa ń wí.

Òun ló rí àlàfo náà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ilé àwọn ẹṣin tó ń fa èédú, ẹni tó ṣe eré ti gbàgbé ihò tín-ínrín kan sínú ògiri. Ẹni tó bá fò bó ti yẹ yóò gba inú òkúta kọjá, kò sì ní padà rin gbogbo ìhà ìlà-oòrùn mọ́. Eliseo ti gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló bá a fa eré náà lọ ní díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò wá ṣe é, lójú ọ̀pọ̀ èrò, ní àpéjọ àwọn asáré ní Concepción lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti fún Yasna láyè tirẹ̀. Maikol Bustos, ọmọ Antofagasta tó yára jù nínú àkótán náà, yóò jókòó níbẹ̀, yóò sì wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Yasna wí, "àbùjá yìí ò ṣeé ṣe."

Eliseo yíjú sí i. "Báwo?"

"Ọwọ́ ènìyàn ò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló tàn yín."

Ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú àwòrán náà, ó sì fi ìka tọ ọ̀nà gígùn ti tẹ́lẹ̀. "Bí ìwọ bá ní kò ṣeé ṣe," ó ní, "a jẹ́ pé kò ṣeé ṣe."

Láti ìgbà oòrùn ni àìsàn ọwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jí, ìka mẹ́ta á ti kú tipiri, kò ní lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Dókítà tó lọ bá ní iṣan kan ló há sí ọrùn ọwọ́. Àwọn yóò là á, yóò sì sinmi pẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti kú níbẹ̀, òun ò lè ṣèlérí pé yóò jí. Yasna dúpẹ́, ó sì padà síbi iṣẹ́. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á gba ọbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gba páàdì. Kí ló wá kù lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa pè é?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn asáré máa ń pàdé lórí ẹ̀rọ, tí oníkálukú yóò máa sọ̀rọ̀ láti ìlú rẹ̀. Maikol ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

"Àǹtí Yasna, ẹ kúulé o! Mo gbọ́ pé bàbá onítakisí ti rí ọ̀nà inú ògiri. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n ti ń mu wáìnì lẹ́nu iṣẹ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Eliseo náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Yasna lè sọ pé òun ò tíì dán an wò tó. Ó lè dákẹ́.

"Kò sí nǹkan tó jọ ọ́," ló wí. "Mo ti gbìyànjú rẹ̀ títí. Ọwọ́ ènìyàn kankan ò lè ṣe é."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Maikol pariwo. "Bàbá, ẹ lọ gbé èrò, ẹ jẹ́ ká ríbi sáré. Kọ̀ǹpútà bá yín fẹsẹ̀ rìn, ẹ wá ní ẹ mọ eré é sá!"

"Ó dáa," ni Eliseo wí, ohùn rẹ̀ sì kúrò láàárín wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú, kò wá. Ercilia, ìyá Yasna, gbé tíì àti píà lílọ̀ sórí tábìlì, ó sì ń wo ojú wíńdò.

"Eliseo ńkọ́?"

"Ó níṣẹ́, Màmá."

"Lọ́jọ́ Àìkú?" Ìyá náà jókòó. "Bàbá tèmi jáde nínú kùsà Lota pẹ̀lú ìdajì ẹ̀dọ̀fóró. Títí tó fi kú, kò gbà kí á pa iná lójú òun. Ìwọ wá ń sáré wọ inú rẹ̀ lọ. Mi ò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ọ wọ ihò, o kì í já a jù síbẹ̀."

"Ta ló sọ pé mo já a jù?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ojú rẹ ni mo rí."

Lọ́jọ́ kẹta sígbà náà, Yasna wà níwájú tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń la ẹja. Ó rí pupa lára ẹran ẹja funfun, ó rò pé ti ẹja ni, ó gbé e jù sẹ́yìn, ó fa òmíràn. Pupa wà lára ìyẹn náà. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kígbe.

"Yasna! Ọwọ́ rẹ! Yéè, ọwọ́ rẹ!"

Ọbẹ ti gé ìbọ̀wọ́, ó ti gé ìdí àtàǹpàkò jinlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kún inú ìbọ̀wọ́ náà, Yasna sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò mọ nǹkan kan lára. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn, ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà pọ̀ nílé ìwòsàn, ọ̀gá wọn sì ní kó má padà wá títí dókítà yóò fi ní kó wá. Ó fi àánú sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀.

Kò lọ sílé. Ó lọ sí ibùdókọ̀, ó rí takisí Eliseo lórí ìlà tó ń dúró de èrò, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó.

"Ibo lẹ ń lọ?" ni Eliseo wí. "Ẹ" ló lò fún un, bí ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni."

"Mo rí ọ. Èrò tó bá wọkọ̀, a máa ń bi í níbi tó ń lọ ni."

Yasna gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì sókè. "Àbùjá yín dáa. Ọwọ́ mi ni kò dáa. Ó ti kú láti ìgbà oòrùn, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

Ohun tó ń nu òjò lójú gíláàsì ń lọ, ó ń bọ̀. Eliseo ń wò ó.

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹlẹ́yà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ àná ní kí n lọ gbé èrò. Ìyẹn ò dùn mí, iṣẹ́ mi ni. Ohun tó dùn mí ni pé mo gbà ọ́ gbọ́. Mo délé, mo tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, mo ní àṣé orí mi ló ti ń dàrú."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Mò ń bínú. Fi mí sílẹ̀ kí n bínú."

Obìnrin arúgbó kan ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé pẹ̀lú òjò lára. Eliseo kí i. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ fún wọn. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́."

"Àpéjọ ńkọ́? Ta ló máa sá a?"

Láti ilé ìwòsàn ni Yasna ti ń sá fún ìdáhùn yẹn. "Maikol," ló wí.

"Ẹlẹ́nu gbọọrọ yẹn?"

"Ọwọ́ rẹ̀ dáa."

Eliseo tan iná ọkọ̀. "Sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Ọ̀nà ilé rẹ kọ́ ni mò ń lọ."

Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó sọ pé irọ́ ni òun pa, pé Eliseo kò ṣìnà, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ tán, Maikol ṣì wà níbẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Kò dùn mí. Òun gan-an ni wàhálà ibẹ̀."

Ọmọkùnrin náà kò rí àwàdà kankan ṣe. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n sá a lóòótọ́? Ọ̀nà tiyín?"

"Ọ̀nà ẹ̀gbọ́n Eliseo. Màá máa júwe rẹ̀ fún ọ. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ná."

"Màá tọrọ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, Eliseo dé. Kò mú búrẹ́dì wá. Ó kí Ercilia, ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò wo Yasna lójú. Maikol wà ní Antofagasta, ohùn rẹ̀ wà láàárín wọn, eré tó ń ṣe sì ń hàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó tọrọ àforíjì, Eliseo ní ó ti tán. Yasna wá ń júwe ọ̀nà: yà síbí, fi ìyẹn sílẹ̀, dúró kí ọkọ̀ kọjá. Wọ́n dé ilé àwọn ẹṣin. Ọkùnrin kékeré náà fò, ó gbá ògiri, ó já sómi. Ó tún fò, ó tún já.

"Ó le o," ni Maikol wí. Ó fò lẹ́ẹ̀kẹta, òkúta sì gbé e mì.

"Ó wọlé!" Eliseo dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì dé orí. "Ó wọlé! Mo ní ọ̀nà wà níbẹ̀! Ṣé mi ò wí?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí àwòrán ara ògiri bí ẹni pé ògiri náà lè gbọ́.

Yasna pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀. Oṣù mélòó ló ti fi ń gbọ́ igbe yẹn lọ́kàn, tí ọwọ́ tirẹ̀ ń fà á jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí? Ọmọ kan tí kò mọ̀ ju ohùn lọ ló wá rí i gbà, ní ìgbìyànjú kẹta. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà sórí itan. Kò sí ohun tí ọwọ́ náà ń wí.

"Àǹtí?" ni Maikol ń pè. "Mo ti bọ́ síbì kan tí mi ò dé rí. Òkùnkùn biribiri ni. Àǹtí, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Eliseo yíjú padà, ó wo Yasna. Òun náà mọ ọ̀nà yẹn. Òun ló yà á. Ó lè júwe rẹ̀. Ó padà jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń dúró dè é.

Yasna fi ọwọ́ òsì nu ojú, ó sì fi í ṣí gbohùngbohùn.

"Mo wà níbí," ó ní. "Má tíì tan iná. Rọra máa rìn lọ sápá òsì títí wàá fi gbọ́ ìró omi."