Ẹ̀bẹ̀ Tí Àsíátù Bẹ Sájẹ́ǹtì

"Walter, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀," ni Bàbá Frederick wí. Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ti ara àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Walter fò dìde bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. "Háà, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni?"

"Mi ò ní dìde àfi tí o bá gbà fún wa."

Àsíátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní tiẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Òun ló lọ bá Bàbá Frederick nílé rẹ̀ ní Ìjàsí pé kó bá òun dé ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì. Ó ti wádìí ọ̀rọ̀ kó tó lọ. Wọ́n sọ fún un pé lórí ọ̀rọ̀ họ́kì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, tí Sájẹ́ǹtì ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni, pé ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì pàápàá kì í yí i lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n Bàbá Frederick ló kọ́ ọ ní A, B, D nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì mú un lọ́wọ́ dé báráàkì nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun. Ta ni yóò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tí yóò ní òun kò gbà?

"Bàbá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ náà..."

"A ò wá ro ẹjọ́," ni Àsíátù já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jàre, Sájẹ́ǹtì. Ohun yòówù kí Usamah ṣe, òun ló jẹ̀bi. Ọmọdé ni. Ẹ fi jì í nítorí Ọlọ́run."

"Ìyá Usamah, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ní..."

"Walter, a ò bá ẹ jiyàn," ni Bàbá wí láti ilẹ̀. "Mo ti dàgbà o. Orúnkún ti ń ro mí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Sájẹ́ǹtì wo Bàbá, ó wo Àsíátù, ó wo òkè àjà. Ọkùnrin tó ti jagun dé Làìbéríà kò mọ ohun tí yóò fi ẹ̀bẹ̀ arúgbó kan ṣe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé olùkọ́ rẹ̀ dìde.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ dìde, Ìyá Usamah. Yóò gbá a."

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Bí wọ́n bá ti yọ ọmọ ẹni kúrò níbì kan, a ò ní bèèrè ohun tó fà á. Àgbàlagbà la máa wá, a ó gbé e síwájú, a ó ní ẹjọ́ kọ́ la wá rò. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́, ohun tó burú nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ológun méjì ló wà lágbègbè wa tí wọn kì í fojú rere wo ara wọn: Akíkanjú, tó wà lọ́nà Ìjagun, àti Ìgboyà, tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àwọn ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ló dá méjèèjì sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń pàdé lẹ́ẹ̀mẹta láti gbá họ́kì, ẹni tó bá sì borí lẹ́ẹ̀mejì ló ń gbé ife lọ. Ife náà ti pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ débi pé àwọn ọmọ Ìgboyà ti ń pè é ní ogún bàbá wọn.

Usamah, ọmọ Àsíátù, ni balógun ẹgbẹ́ họ́kì Akíkanjú. Ọdún tó máa jáde ilé ìwé nìyí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná ló sì ń fojú sọ́nà fún. Kì í wo nǹkan mìíràn lórí fóònù ju bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń gbá họ́kì tiwọn lórí yìnyín, tí wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn mọ́ ògiri, tí wọ́n ń ṣubú, tí wọ́n tún ń dìde. "Màmá, ẹ wò wọ́n," á ní, "wọn kì í sunkún." Àsíátù á ní òun rí i, á sì máa to bàtà ọmọléèwé tó ń tà lọ́jà Òkè-Àjẹ lọ. Kò wá sí i lọ́kàn pé akoto wà lórí àwọn yẹn.

Ìgboyà ló borí nínú ìpàdé àkọ́kọ́, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn ni Usamah gba àyè wálé, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn láìbọ́ bàtà.

"Sájẹ́ǹtì ti yọ mí. Wọ́n ní mi ò ní gbá ìkejì."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Màmá."

Ìyá wo ló máa gba irú èsì bẹ́ẹ̀ gbọ́? Àsíátù ní ọmọ òun ti lọ yájú sí àgbà. Ó bèèrè, ó tún bèèrè. Usamah kàn ní orí ń fọ́ òun ni. Ìyá rẹ̀ fún un ní párásítámọ̀, ó ní ẹkún tó ń gbé mì ló ń fọ́ ọ lórí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fún un ní òmíràn.

Ọ̀gágun kan ń bọ̀ láti Kàdúná wá wo ìpàdé kejì. Gbogbo òbí ló ti gbọ́. Bí ọ̀gágun bá rí Usamah lórí pápá, ó dájú pé yóò bèèrè orúkọ rẹ̀. Bí kò bá rí i, orúkọ ta ni yóò bèèrè? Èyí ló ń jẹ Àsíátù lọ́kàn nígbà tó pe Mukhtar, ọkọ rẹ̀, tó kó gààrí lọ sí Kánò.

"Kọ́kọ́ bèèrè ohun tó fà á," ni Mukhtar sọ fún un. "Má tíì gbé àgbà lọ síbì kankan. Sájẹ́ǹtì yẹn kì í ṣe aláìnírònú."

"Mo ti gbọ́," ni Àsíátù dáhùn. Kò sì bèèrè lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì. Nígbà tí Mukhtar tún pè lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ náà, ó sọ fún un pé Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ti yí ọkàn padà. Irọ́ kékeré ni lójú rẹ̀, irú èyí tí obìnrin máa ń pa kí ilé lè tòrò.

Pápá Akíkanjú kún lọ́jọ́ náà. Ọ̀gágun jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó ń mu omi inú ike. Usamah gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́yìn ìsinmi, ariwo sì sọ. Àsíátù gbá ìdí gèlè rẹ̀ mú, ó ń pariwo "Ọmọ mi nìyẹn! Èmi ni mo bí i o!" fún ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó rí i tí ọ̀gágun tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń bi ọ̀gá àgbà ní nǹkan. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, ọmọ Ìgboyà kan fi èjìká kan Usamah. Kì í ṣe ìkọlù tó le, ọmọ tí kò jẹun àárọ̀ pàápàá ì bá dúró sí i. Ṣùgbọ́n Usamah ṣubú. Ó dìde jókòó, ó ń wá ọ̀pá họ́kì rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún sùn padà. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ń fi àkókò ṣòfò nítorí pé Akíkanjú ti ń borí. Sájẹ́ǹtì Walter ti sáré dé àárín pápá kí adájọ́ eré tó fọn fèrè.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ṣágámù ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà jáde wá bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú orí rẹ̀, a ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí. Ṣé nǹkan ti kọ́kọ́ gbá a lórí láìpẹ́ yìí?"

"Rárá o," ni Àsíátù wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Sájẹ́ǹtì wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọ̀pá bà á lórí."

Dókítà wò ó. "Ẹni tó bá ti ṣèṣe lórí bẹ́ẹ̀, a kì í jẹ́ kó padà sórí pápá títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀ pátápátá."

"Mo mọ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Mo mọ̀, Dókítà."

Àsíátù yíjú sí i. Ibẹ̀ ló ti yé e. Ọkùnrin yìí ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, òun àti Bàbá sì fi ẹ̀bẹ̀ dí i lẹ́nu. Ó fara ti ògiri. Ká ní òun jẹ́ kó parí gbólóhùn kan péré! Ká ní òun ṣe bí ọkọ òun ṣe wí! Ó fẹ́ sunkún, ẹkún náà kọ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Usamah kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tí Àsíátù bi dókítà nípa Kàdúná, dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa dúpẹ́ ẹ̀mí ná. Akíkanjú ló borí lọ́jọ́ yẹn. Wọn kò gbá ìkẹta, kò sì sí ẹni tó bèèrè ife.

Mukhtar ti Kánò dé, ó gbaná jẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ní kí Sájẹ́ǹtì lọ jókòó sílé ná. Wọ́n bi í léèrè ohun tó mú un dá ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ti yọ padà sórí pápá, ó ní, "Àṣìṣe mi ni," kò sì fi nǹkan kan kún un. Mukhtar ní òun yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ó ní títì ni wọ́n máa tì í mọ́lé. Gbogbo ìgbà tó bá ń sọ ọ́, Àsíátù á dìde lọ bu omi tí kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ni Sájẹ́ǹtì wá sí ilé wọn ní Ìmọ̀wò. Helen ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, Bàbá Frederick náà tẹ̀lé e. Bí Mukhtar ti gbọ́ ohùn wọn, ó wọ yàrá lọ bá ọmọ rẹ̀, ó sì fa kọ́tìnì. Hafeezah, ẹ̀gbọ́n Mukhtar lóbìnrin, ló fún àwọn àlejò níjòókòó.

Wọn kò jókòó. Sájẹ́ǹtì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Helen kúnlẹ̀. Bàbá Frederick dúró ti ọ̀pá rẹ̀, kò lè wo ojú Àsíátù.

"Ìyá Usamah, mo ṣẹ̀ yín," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ dárí jì mí."

"Ìyàwó wa, gba ẹ̀bẹ̀," ni Hafeezah wí. "Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀, wọn ò jiyàn. Bó o bá gbà, bàbá Usamah náà á rọ̀ tó bá yá."

Àsíátù wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, ẹ dìde. Kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọjọ́ wo?"

"Ẹ mọ ọjọ́ tí mò ń wí."

Sájẹ́ǹtì gbójú sókè, ó wo ọ̀nà kọ́tìnì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Usamah. Èmi ni mo wá bẹ̀bẹ̀."

Ó ti gbé e rù, kò sì ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àsíátù rí i kedere. Bí òun bá ṣáà ti ní "mo ti gbà" báyìí, Hafeezah á ṣe àmín, àwọn àlejò á mu omi, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí láé. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn: ó wù ú. Ó wù ú débi pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀.

Ó dìde, ó lọ ṣí kọ́tìnì.

"Bàbá Usamah, ẹ wá jókòó."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin yẹn."

"Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi Usamah sí i, èmi àti Bàbá. Irọ́ ni mo pa fún yín lórí fóònù. Ó fẹ́ sọ ìdí tó fi yọ ọ́, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ wá gbọ́ ọ."

Hafeezah fọwọ́ bo ẹnu. Mukhtar jáde, ó jókòó sétí àga, ó gbé ojú kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti dìde dúró bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí a ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀," ló wí, "ó bi mí pé ìgbà wo la máa dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo ní a ti gbá a tán. Kò pẹ́, ó tún bi mí. Ojú ọ̀nà ló ti bì. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Màmá òun, kí wọ́n má bàa ní kó fi họ́kì sílẹ̀. Mo ní irọ́, ọ̀rọ̀ orí kì í ṣe ohun àfipamọ́, èmi fúnra mi ni mo máa wá sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ wá yẹn, mo ti múra tán. Ilé yín ni mò ń bọ̀ nígbà tí ẹ kan ilẹ̀kùn."

Mukhtar wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ wàyí. Àsíátù kò gbé ojú sá.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Sájẹ́ǹtì," ló wí. "Kò ní í sẹ́ni tó máa já lu ọ̀rọ̀ yín."