Àwo Ọtí Mẹ́ta

Chirimaya kò ta ọtí fún Rujan, ọmọ ọmọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ ọn! Òun fúnra rẹ̀ ló ń se ọtí ìrẹsì tó ń tà nísàlẹ̀ ilé wọn ní ìlú Bhaktapur, ọlọ́pàá sì ti lẹ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Rujan pé nígbà tó wá rà á, síbẹ̀ ó lé e.

"Ọjọ́ orí rẹ kò tíì pé. Kúrò níwájú mi, olójú kòkòrò!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, Rujan fẹ́ gun alùpùpù lọ sí ìlú Hetauda. Nínú àṣà wọn, àgbà obìnrin ilé ló ń fi ẹyin, ẹja gbígbẹ àti ọtí inú àwo amọ̀ súre ìrìn àjò fúnni. Chirimaya bu ọtí fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ìre ni, kì í ṣe ọjà. Ta ló ń béèrè ọjọ́ orí nídìí ìre? Rujan ò dé Hetauda; ojú títì ló kú sí.

Láti ìgbà náà, lọ́sàn-án gangan, ọmọ náà á wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, á nawọ́. Ẹlòmíì kì í rí i. Ẹ̀rù ń ba Chirimaya.

Ọdún yípo. Prabin, àbúrò Rujan, pé mẹ́tàdínlógún, iṣẹ́ sì yọ fún un ní Hetauda. Sabita, ìyá wọn, gbé àwo wá.

"Ìyá, ẹ súre fún un. Òun nìkan ló kù mí kù."

Chirimaya fún un lẹ́yin, ó fún un lẹ́ja. Ó gbé ọtí. Bí Prabin ṣe nawọ́, ọwọ́ Rujan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, erùpẹ̀ títì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ìyá arúgbó fa àwo náà sẹ́yìn.

"Ọjọ́ orí rẹ kò tíì pé," ó wí fún Prabin. "Máa lọ."

"Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bu mẹ́ta fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Sabita bú sẹ́kún. "Ṣé kó máa lọ láìsí ìre ni? Ẹ kórìíra ọmọ mi!"

"Ó tó, Màmi," ni Prabin wí, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ̀ wọ́n láago pé òun ti dé. Sabita kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Chirimaya ò gbọ́ ọ. Rujan ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà.

"Ìyá àgbà, àṣé ẹ lè fi ọtí dù ú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fún èmi ní mẹ́ta?"