Yẹ́lò Tíṣà Eunice

Ẹ bá mi wo Tíṣà Eunice o! Ìwé mẹ́ta ló kà lórí fóònù nítorí intafíù àwọn tó fẹ́ di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, kò sì sí ojú-ewé kan tí kò kùn ní yẹ́lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú intafíù yìí, ọdún méjì péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Bí tọ̀tẹ̀ yìí bá bọ́, ó parí nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ọ̀kà ló ti kó àṣà náà. Níbẹ̀, obìnrin tí Bíbélì rẹ̀ bá kún fún ìlà bírò ni wọ́n ń kan sáárá sí. Eunice bá ṣe fóònù bó ṣe ń ṣe Bíbélì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, Happiness ọmọ rẹ̀ kó gbogbo yẹ́lò náà jọ sínú áàpù tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rin!

"Háà, Mọ́mì, ẹ ò kúkú da gbogbo ìwé náà kọ!"

Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ìyá gba fóònù. Eunice kà á títí, àmọ́ nígbà tó gbójú kúrò níbẹ̀, kò rántí ẹyọ kan.

Ló bá gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró, n'Ìwàrò-Ọ̀kà. Màmá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, Eunice jókòó tì í, ó ń kà á lábẹ́ ètè.

"Kí ló wà níbẹ̀ tó o ń kùn bí oyin? Sọ fún mi."

Eunice bẹ̀rẹ̀ sí í ka gẹ̀ẹ́sì. Màmá na ọwọ́ sókè. "Mo ní kó o sọ fún mi, ìwé lò ń kà sí mi létí!"

Ojú ti Eunice. Ó fi èdè Ọ̀kà ṣàlàyé pé bí tíṣà kan bá ń pẹ́ dé, kí ọ̀gá kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ kó tó fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ.

"Ẹn-ẹ́n! Ohun tí bàbá rẹ ṣe fún Gbọ́ládé alágbàṣe rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó ń pẹ́ dé oko. Àṣé ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣàìsàn."

Eunice tẹ ìtàn Gbọ́ládé sábẹ́ yẹ́lò náà. Láti ìgbà náà, èyí tó bá lè sọ yé Màmá, á kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Èyí tí kò bá lè sọ, á pa á rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ṣú, ogójì ló kù.

Lọ́jọ́ intafíù n'Ìkàrẹ́, wọ́n gba fóònù lẹ́nu ọ̀nà. Eunice wọlé lọ́wọ́ òfo. Alága àwọn tó ń ṣe intafíù ní, "Tíṣà kan ń pẹ́ dé lójoojúmọ́. Kí lẹ máa ṣe?"

Gbọ́ládé ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀! Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó ti igbá ẹ̀gúsí, gbogbo wọn sì gbé bírò sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mú lẹ́tà kan wọlé tọ Màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Màmá na ọwọ́ sókè. "Sọ fún mi."

"Màmá, wọ́n fún mi ní ipò náà."